Bọ́tìnnì Tí Mo Tẹ̀ Lẹ́ẹ̀mẹta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera. Ara tèmi le. Ọkàn ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O dúpẹ́ pé mo bá yín sin bàbá rẹ, o sì ní kí n máa lo rédíò rẹ̀, torí kò lọ́rẹ̀ẹ́ méjì. Lẹ́yìn náà lo wá béèrè bóyá ó bá mi sọ ohunkóhun lọ́jọ́ tó kú. Nígbà tí o kọ́kọ́ bi mí níbi ìsìnkú, mo sọ fún ọ pé rárá. Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi.

O mọ̀ pé àwa méjèèjì wà nínú ìdíje àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè yẹn, kálukú nílé tirẹ̀. Ìwọ náà ṣáà máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: àgbàlagbà méjì tó jókòó ti máìkì, tí wọ́n ń pe ẹni tí wọn ò mọ̀ rí káàkiri ayé kí wọ́n lè gba nọ́ńbà ìdíje lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá bá èèyàn púpọ̀ jù lọ sọ̀rọ̀ ló borí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ka ẹnì kan. Bí ẹni tí a ti bá sọ̀rọ̀ bá tún pè, tí mo bá tẹ àmì ìpè rẹ̀, ìyẹn orúkọ tó ń jẹ́ lórí rédíò, sínú kọ̀ǹpútà, pupa ló máa ń yọ. Kò sí máàkì níbẹ̀, àkókò lèèyàn ń fi ṣòfò. Mo wá gba ohùn ara mi sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì kan báyìí, á sọ fún un pé: "A ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́. O ṣeun, ó dàbọ̀."

Torí bàbá rẹ gan-an ni mo ṣe ṣe é. Kò sí ìdíje kan tí kì í pè mí lẹ́ẹ̀kejì, kó ṣáà lè dá mi dúró, kó wá fi mí rẹ́rìn-ín tó bá yá. Bàbá rẹ tó jẹ́ télọ̀, tí kì í jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ gbádùn, ṣé èmi ni yóò wá fi sílẹ̀?

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, nǹkan bí aago mẹ́ta, ó pè. Pupa yọ, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó tún pè, mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò tiẹ̀ wo kọ̀ǹpútà mọ́. Mo pòṣé, mo ní ọkùnrin yìí ò níṣẹ́ ṣe, mo tẹ̀ ẹ́. Kò pè mọ́, inú mi sì dùn. Mi ò mọ̀ pé àyà ló ń dùn ún, pé fóònù rẹ̀ wà ní pálọ̀, tí kò sì lè dìde débẹ̀. Máìkì nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ilé wa.

Kọ̀ǹpútà mi máa ń gba gbogbo ohun tó bá kọjá nínú ìdíje sílẹ̀. Odidi oṣù kan ni mi ò fi lè ṣí i. Ìwé rẹ ló jẹ́ kí n ṣí i lánàá. Lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, àmì ìpè rẹ̀ nìkan ló sọ, èémí rẹ̀ sì ń já. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sọ àmì kankan. Ìgbà tí mò ń pòṣé ló sọ ọ́: "Bá mi sọ fún ọmọ mi pé..." Ohùn tèmi ló wá bo ìyókù: "A ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́. O ṣeun, ó dàbọ̀."

Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá fẹ́ wá bú mi, wá bú mi, mo tọ́ sí i. Rédíò rẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú. Kí àwọn ọmọ rẹ sin ọ́, kí o má sin wọ́n. Kí o má ṣe dá wà lọ́jọ́ ogbó rẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ,
Bàbá Wáyà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Àwọn mìíràn náà wà lórí ìlà rédíò yẹn lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń gbọ́ wa. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́ ohùn bàbá rẹ ketekete ju tèmi lọ. Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo bá sọ̀rọ̀ ní wákàtí yẹn, mo sì ti kọ̀wé sí gbogbo wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí. Mọ́kànlá ti fèsì. Kò tíì sí ẹni tó gbọ́ ọ.