Omi Tí Ẹ Bù fún Ọ̀rẹ́ Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí yín. Àdúà ni wọ́n ń ṣe fún òkú nílé wa, wọn kì í kọ lẹ́tà sí i, ẹ̀yin náà kò sì mọ̀wé kà nígbà tí ẹ wà láyé. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Ìyá, wọn yóò sunkún, wọn yóò sì bá mi jà.

Mo ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ọdún àkọ́kọ́ mi nìyí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rò pé wọ́n máa tó rí i pé àṣìmú ni wọ́n mú mi. Wọ́n rán mi lọ sí ilé ìwé kan nítòsí Bẹẹrẹ, kí n lọ kọ́ àwọn ọmọ tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní fìlọ́sọ́fì ni. Èèyàn á bi ọmọ ní ìbéèrè, kò ní sọ ìdáhùn, á jẹ́ kí ọmọ fi orí ara rẹ̀ rò ó. Ta ni ọ̀rẹ́? Kí ni oore? Báwo la ṣe ń mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán? Èmi tí mò ń bi wọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n.

Bàbá Ràfíù ọ̀rẹ́ yín ni mo máa ń rántí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń hun aṣọ lágbàlá wa n'Ísàlẹ̀ Òsì, tí òfì yín kọjú síra wọn. Bí àlejò bá dé, ẹ ó bu omi, ẹ ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ti Bàbá Ràfíù nìkan lẹ kì í tọ́ wò. Ẹ ó kàn na ahá sí wọn, ẹ ó máa báṣẹ́ yín lọ. Lójú tèmi, ohun tí ọ̀rẹ́ jẹ́ nìyẹn.

Ìdìbò wá dé, ẹgbẹ́ yín yàtọ̀ sí tiwọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá sílé wa lẹ́yìn tí ẹ̀yin méjèèjì jiyàn lórí ìdìbò ní Oríta-mẹ́rin, ẹ na omi sí wọn bí ẹ ti ń ṣe. Wọ́n wo inú ahá, wọ́n ní, “Kọ́kọ́ mu ún ná.” Ẹ gba ahá, ẹ mu omi náà tán pátá, ẹ dojú ahá dé. Látọjọ́ náà lẹ ti gbé òfì yín lọ sẹ́yìnkùlé, tí ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri. Kí ló dé tí ẹ ò tiẹ̀ bú wọn? Wọn ò wá síbi ìsìnkú yín.

Ọmọ ọmọ wọn, Rálíátù, wà ní kíláàsì mi. Iwájú wọn tó yọ gọngọ náà ló ní. Lọ́jọ́ tí mò ń bèèrè nípa ìfọkàntán, tí olùkọ́ wa láti kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó lẹ́yìn tó ń wò mí, ẹ̀rù bà mí débi pé ikọ́ gbé mi. Rálíátù sáré bu omi nínú àmù, ó kúnlẹ̀, ó mu díẹ̀ níbẹ̀, ó wá na ife sí mi.

“Ẹ wo ọ̀kánjúà! Ó ń mu omi tíṣà!” Ọmọ kan ló kígbe bẹ́ẹ̀.

“Kì í ṣe ọ̀kánjúà o. Bàbá wa àgbà ló ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀.” Rálíátù ló dáhùn.

Làmídì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, dìde. “Bí tíṣà bá fọkàn tán ẹ, kí lo tún ń tọ́ ọ wò fún?”

“Bàbá àgbà ní àwọn kọ omi ọ̀rẹ́ àwọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní òùngbẹ náà ò tíì kúrò lọ́fun àwọn.”

“Kí wọ́n lọ bẹ ọ̀rẹ́ wọn nù-un.”

“Ọ̀rẹ́ wọn ti kú.”

Bàbá, ṣé ọjọ́ kejì tí wọ́n kọ omi yín lẹ kú ni, tí wọn ò fi ráyè wá bẹ̀ yín? Ọdún mélòó lẹ fi jókòó síwájú ògiri yẹn! Láti ilé wọn ní Kúdẹtì dé ọ̀dọ̀ wa, arúgbó lè fi ọ̀pá rìn ín. Wọ́n rẹ́nu sọ ọ́ fún ọmọ kékeré, wọn ò rẹ́sẹ̀ gbé e wá sílé wa.

“Tíṣà, ẹ ò mu ún?”

Rálíátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Omi ń dà sí i láṣọ. Mo gba ife, mo mu ún. Kì í ṣe pé mo dárí ji ẹnikẹ́ni. Mi ò kàn lè jẹ́ kí ojú ọmọ yẹn dà bí ti ẹni tí wọ́n kọ omi rẹ̀, torí mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí.

“Ṣé tíṣà ti wá fọkàn tán an nìyẹn?” Làmídì ló tún bèèrè.

Mo lọ dá ife padà sórí àmù. Lẹ́yìn iṣẹ́, olùkọ́ wa yìn mí pé mo ṣe dáadáa bí mi ò ṣe dá a lóhùn. Ó rò pé ọgbọ́n ìkọ́ni ni.

Wọ́n ní Bàbá Ràfíù ò lè dìde lórí ẹní mọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín láìpẹ́. Bí ẹ ó bu omi fún wọn, bí ẹ ò ní bù ú, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ ṣáà bá mi pa èyí mọ́: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ yín mu omi lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ náà ṣì wà lọ́fun wọn. Bí ẹ bá sì yọ sí Ìyá lójú àlá, ẹ má sọ fún wọn.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.