Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lórí Òkè

                                                  Àjà Kejì, Yàrá Ẹ̀yìn,
                                                  Ilé Tó Kọjú Sí Ilé Ìfọṣọ,
                                                  Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń da àbíkẹ́yìn rẹ láàmú ti lọ? Ìyá ọkọ rẹ tó wá ń gbé lọ́dọ̀ yín, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Mo mọ̀ pé o ti ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà nínú lẹ́tà yìí, nítorí o ò ní sùúrù láti kékeré. Ara mi le. Bí a bá yọ ti ìkanra tó ti mọ́ mi lára, kò sí ohun tó ń ṣe mí.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí o fi ń gbá géèmù ń gbóná débi pé o ò lè gbé e lé itan mọ́, àfi kí o gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. O ní o ti rí kúlà kan, pẹpẹ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kọ̀ǹpútà, tí o fẹ́ rà sábẹ́ rẹ̀, fáànù mẹ́fà ló ní, ó sì ní iná aláràbarà. O ní kí n dá sí i. Jọ̀ọ́, fi owó rẹ sápò ná. Irú kúlà yẹn gan-an wà lábẹ́ ibùsùn mi báyìí, eruku ló ń jẹ. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan Bàbá mi.

Ìgbà tí wọ́n ṣì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lo mọ Bàbá. O ò tíì rí wọn láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá ọ̀tún. Ọwọ́ ti ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ̀. Wọ́n ta ọkọ̀ náà, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣe ibùjókòó. Wọn kì í wo òde. Wọ́n á kàn dijú, wọ́n á máa gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá: eléyìí, bélíìtì rẹ̀ ti rọ̀, tọ̀hún, ẹni tó ń wà á ò mọ jíà yí. Ìyẹn náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lẹ́nu wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

O mọ̀ pé àwòrán ilé tí wọn ò tíì kọ́ ni mò ń yà fún àwọn kọ́lékọ́lé, kí oníbàárà lè rí inú ilé kí ẹnikẹ́ni tó fi bíríkì lélẹ̀. Iṣẹ́ náà gba agbára, ìdí nìyẹn tí mo fi ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n dìídì ṣe fún géèmù. Ọjọ́ kan ni mo wá fi géèmù awakọ̀ akẹ́rù sí i. Mo so sítíárìn mọ́ tábìlì, mo sì ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé ìka ni Bàbá á fi máa fún ọkọ̀ níná, kí ẹsẹ̀ wọn lè sinmi. Wọ́n ní eré ọmọdé ni. Wọ́n jókòó kí wọ́n fi tù mí nínú, wọn ò dìde títí oúnjẹ fi tutù. Ọjọ́ kejì, wọ́n fá irùngbọ̀n kí wọ́n tó jókòó. Bí o bá bá wọn sọ̀rọ̀ ní kọ́nà, wọn ò ní dá ẹ lóhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Màmá ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbọ́ ìsúfèé yẹn gbẹ̀yìn.

Òkè gígùn kan wà nínú géèmù náà, ibẹ̀ ni ìyọnu ti dé. Bí Bàbá bá ti gbé ẹrù pákó dé ìdajì òkè, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, fáànù inú kọ̀ǹpútà á figbe ta, ojú rẹ̀ á sì dúdú. Ó kú nìyẹn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la. Nígbà tó tún ṣe é, Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn, wọ́n sì rọra gbé e lé itan. Wọ́n ní, “Ọwọ́ mi ló ń bà á jẹ́. Ohun tí o fi ń jẹun ni. Gbé e lọ.”

Mo ṣàlàyé títí. Mo ní ooru ni, mo ní ẹ̀rọ náà ló ń pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti padà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, irùngbọ̀n sì ti ń hù. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá tètè rí nǹkan ṣe sí ooru yẹn, Bàbá ò ní fọwọ́ kan sítíárìn mọ́ láyé, a ó sì tún pàdánù wọn lẹ́ẹ̀kejì.

O mọ bí mo ṣe rí. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo sáré lọ ra kúlà, èyí tí fáànù rẹ̀ pọ̀ jù lórí àtẹ. Nígbà tí mo tàn án, yàrá wa dà bí ilé ijó. Mo bẹ Bàbá títí wọ́n fi gbà láti jókòó lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ọkọ̀ tó dé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n pa kúlà. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ ti bo ohùn ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, pé ọkọ̀ tí àwọn ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, àwọn ò lè mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn yí jíà. Mo tún un tàn. Pẹ̀lú fáànù mẹ́fà lábẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà tún kú sí ojú ibi tó máa ń kú sí. Bàbá mú ọ̀pá wọn, wọ́n dìde, wọ́n padà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó kù díẹ̀ kí n la kúlà mọ́lẹ̀.

Obìnrin kan wà ní òpin òpópónà wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹgbẹ́ wa ni. Awò-Méjì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí ọ̀kan máa ń wà lójú rẹ̀, ọ̀kan á wà lórí, á sì máa wá ti orí kiri. Mo gbé kọ̀ǹpútà àti kúlà lọ bá a. Kó tó tú nǹkan kan, ó dojú kọ̀ǹpútà dé, ó fi ibi tó ti ń mí hàn mí. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà ní àárín ikùn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ̀yìn ni ooru ń gbà jáde. Ó wá gbé kúlà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: gbogbo fáànù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, etí ni wọ́n tò wọ́n sí, kò sí èyí tó dojú kọ ihò náà dáadáa. Ariwo ni mo rà. Mo bi í nípa irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ara kọ̀ǹpútà kó máa fa ooru jáde. Ó ní ìyẹn dára fún èyí tó ń mí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tèmi ń mí síta lẹ́yìn, lábẹ́ ibi tí ojú rẹ̀ ti ń ká, kò sí ibi tí a fẹ́ so ó mọ́.

Lẹ́yìn náà ló tú ikùn rẹ̀. Ó fi irin tín-ín-rín fa nǹkan jáde láàárín fáànù, ó gbé e sókè sí iná. Òwú búlúù ni, ó ti dì bí aṣọ. Ó bi mí ta ló ń wọ òwú búlúù nílé wa. Mo fẹ́ ní kò sí, ni mo bá rántí.

Tìmùtìmù Màmá ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ so sítíárìn ni Màmá ti rí i pé tábìlì ń gbọ̀n, ẹ̀rù sì bà wọ́n pé kọ̀ǹpútà á yọ̀ ṣubú. Wọ́n mú súwẹ́tà búlúù tí Bàbá máa ń wọ̀ wakọ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ki fóòmù bọ inú rẹ̀, wọ́n rán an ní pẹlẹbẹ, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ kọ̀ǹpútà. Èmi náà rí i, mo ní ó rẹwà. Nígbà tí kúlà wá dé, Màmá ní irin rẹ̀ le jù, wọ́n bá tún tẹ́ tìmùtìmù sáàárín: kúlà nísàlẹ̀, tìmùtìmù láàárín, kọ̀ǹpútà lókè, bí ọmọ tuntun. Èmi tí mo ń wo ojú Bàbá, mi ò wo abẹ́ ẹ̀rọ. Ikùn tó yẹ kó máa mí, a ti fi súwẹ́tà dì í pa.

Awò-Méjì nu gbogbo eruku. Ó tún pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ náà àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀, nítorí ti àtijọ́ ti gbẹ bí amọ̀. Mo dé ilé, ẹnu sì ti ń yún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí Màmá níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ Bàbá, mo rọra sọ ọ́. Wọ́n mú tìmùtìmù náà dání, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, “Èmi ni mo wá ń dí i nímú.” Ojú tì wọ́n. Mo ní kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, ìfẹ́ ni. Wọ́n ní ìfẹ́ náà yẹ kó mọ ibi tí imú wà. Wọ́n mú àlùmọ́gàjí, wọ́n gé tìmùtìmù sí mẹ́rin, wọ́n rán etí ọ̀kọ̀ọ̀kan pa, wọ́n sì kì wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ọjọ́ yẹn, tábìlì ò gbọ̀n mọ́.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra kúlà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n máa tan kúlà lọ́kọ̀ọ̀kan fún mi. Mo dijú, mo gbé etí sún mọ́ ọn. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tajà bi mí bóyá orin ni mo wá rà. Mo ní kó máa tàn án lọ. Èyí tí mo mú, fáànù ńlá kan ṣoṣo ló ní, láàárín gan-an, kò níná kankan, àwọ̀n irin lojú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà sókè díẹ̀ kí ooru lè ráyè jáde. Fáànù ńlá kì í sáré kó tó fẹ́ afẹ́fẹ́ tó pọ̀. Wẹ́wẹ́ ló ń pariwo, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Mo tún wọ inú ètò kọ̀ǹpútà, mo ní kó má fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré, mo sì dín dídán àwòrán kù. Ìyẹn gan-an gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ewé ẹ̀bá ọ̀nà ò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́. Nígbà tí mo bi Bàbá lẹ́yìn náà bóyá ó ń dà wọ́n láàmú, wọ́n ní ta ló ń wo ewé nígbà tó ń wakọ̀.

Nítorí náà, ìwọ tí o ń gbá géèmù lórí bẹ́ẹ̀dì, tìmùtìmù ni bẹ́ẹ̀dì yẹn. Gbé ẹ̀rọ kúrò níbẹ̀. Gbé e lé tábìlì, ní kí wọ́n nu inú rẹ̀, kí o wá wo ikùn rẹ̀ kí o tó yan kúlà.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Kúlà ti wà, tábìlì ti dúró, ẹ̀rọ ń mí. Ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ ni kò dìde. Mo bẹ Bàbá, wọ́n yíjú sí fèrèsé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà ni Màmá bá wọ yàrá lọ. Nígbà tí wọ́n máa jáde, wọ́n ti wọ aṣọ òde, bàtà wà lẹ́sẹ̀, báàgì wà lápá. Wọ́n fa àga sí apá ọ̀tún àga Bàbá nídìí tábìlì, wọ́n jókòó, wọ́n gbé báàgì lé itan.

Wọ́n ní, “Gbogbo ayé lẹ ti gbé rí. Ẹ gbé pákó, ẹ gbé bíríkì, ẹ gbé ìyàwó oníyàwó. Ẹ ò gbé èmi rí. Mo ti ṣe tán o.”

Òótọ́ ni. Bàbá máa ń sọ pé ọkọ̀ ẹrù kì í ṣe ibi ìjókòó obìnrin. Wọ́n wo Màmá títí. “Níbo lò ń lọ?”

“Ibi tí ẹ bá ń lọ náà ni.”

Bàbá mú ọ̀pá wọn, wọ́n dìde. Wọ́n kọ́kọ́ lọ fá irùngbọ̀n.

Èmi dúró sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mo tẹ́wọ́ síbi tí ooru ń gbà jáde. Ó ń jáde wẹ́rẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọkọ̀ dé ẹsẹ̀ òkè, ó dé ìdajì, ibi tó máa ń kú sí. Bàbá tẹ́tí, wọ́n yí jíà. Ọkọ̀ ń rọra fà. Ó kọjá ibẹ̀, ó sì gùn ún dé òkè pátápátá láìkú. Lókè yẹn, Bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n dúró, ṣùgbọ́n wọn ò pa ẹ́ńjìnnì. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n, mo nawọ́ kí n bá wọn pa á. Wọ́n mi orí sí mi. Màmá ti sùn lọ lórí èjìká ọ̀tún wọn, èjìká tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Wọ́n rọra ní, “Fi í sílẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ìyá rẹ á jí.”

Mo lọ sí ilé ìdáná, mo sunkún mi níbẹ̀, mo ṣe bí ẹni ń fọ abọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Bàbá ń béèrè bóyá o ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, Màmá sì ní kí n kí ìyá ọkọ rẹ kú àmúmọ́ra orúnkún. Àwọn méjèèjì tún ń lọ lọ́la. Báàgì Màmá ti wà lórí àga.

Èmi ni tìrẹ, bó ti wù kí n gbóná tó,

Ata Wẹ́wẹ́.