Rédíò Tí Òkè Ìkìrun Kò Gbọ́

Ilé Ìgbòògùn,
Inísà.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Keje, 1965.

Bùrọ̀dá mi ọ̀wọ́n, Titus,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Jọ́ọ̀sì. Kí ìwé yìí bá gbogbo yín láyọ̀. Ní tèmi, mo ń jẹun, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ ní kí n ṣàlàyé bí àbúrò yín, Túnráyọ̀ aya mi, ṣe kú nígbà tí rédíò wà lọ́wọ́ mi, tí ọkọ̀ aláìsàn sì wà ní Ìkìrun. Inú ń bí yín nínú ìwé yín. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Rédíò la fi ń pe ọkọ̀ náà, àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbòògùn ìjọ yìí àti àwọn ti Òkukù. Ohùn wa kò lè dá dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lórí òkè Ìkìrun tó ń gbà á, tó sì ń tún un sọ. Àmọ́ kì í tún ohùn gbogbo ènìyàn sọ. Ìró kékeré kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni, ìró tí rédíò fúnra rẹ̀ ń fi síbẹ̀, tí etí kì í gbọ́. Ohùn tí kò bá ní in, ẹ̀rọ náà kò ní kà á sí.

Nígbà tí rédíò wa bàjẹ́, wọ́n gbé tuntun wá. Bàbá Ìjọ wa, Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ní àdúrà ni yóò kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó gbé e wá lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì, òun náà ní rédíò níbẹ̀. Bàbá gbàdúrà láti inú ilé, ọkùnrin náà ṣe Àmín láti inú ọkọ̀, gbogbo wa gbọ́ ọ ketekete. A pa adìẹ, a jẹ ẹ́, ó lọ. Láti inú ilé dé ẹnu géètì, ohùn kò nílò òkè kankan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún máa pe Ìkìrun wò lẹ́yìn Àmín?

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Túnráyọ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Mo pe Ìkìrun títí. Mo ń gbọ́ wọn dáadáa. Mo gbọ́ tí Dúródọlá awakọ̀ ń bá Òkukù sọ̀rọ̀, tí rédíò àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ tiwọn. Ó ní kò sẹ́ni tó ń pe òun lónìí, òun fẹ́ lọ jẹun. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń pè é. Asọ̀rọ̀mágbèsì làwọn àgbà ń pe rédíò, ọjọ́ náà ló yé mi.

Túnráyọ̀ ń gbọ́ ohùn Dúródọlá láti orí ibùsùn. Ó ní, “Wọ́n ti ń dáhùn yẹn. Ẹ fara balẹ̀.” N kò sọ fún un pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń dá lóhùn. Aládùúgbò wa kan gun kẹ̀kẹ́ lọ pè wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé, a ti fi aṣọ bò ó.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin tó gbé rédíò wá padà dé. Ó tú ẹ̀yìn rédíò, ó yọ nǹkan kan tí kò tó ìka mi, ó fi òmíràn sí i. Ìró tó wà nínú èyí tó yọ kì í ṣe ti òkè wa, òun nìkan ni ohun tó ṣe é. Ó ní kí n pe Ìkìrun. Mo pè. Dúródọlá dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: “Inísà, mo ń gbọ́ yín. Kí lẹ fẹ́?”

Bùrọ̀dá, mo pa rédíò náà. Ẹkún kò wá, kò sì tíì wá títí di òní.

Kí Ọlọ́run má tún fi irú èyí dán ilé yín wò. Kí ó dá ẹ̀yin sí fún wa, kí ẹ sì gbó.

Èmi ni àna yín,
Adéjàre.

Ẹ̀yìn ìwé: Obìnrin ni ọmọ náà, ara rẹ̀ sì le. Ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkukù. Wọ́n ní ó ń ké púpọ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé bó bá ti ké, kí ẹnì kan tètè máa dá a lóhùn.