Ta Ló Sọ Pé Èmi Ni Mò Ń Dá Yín Dúró?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun kí o tó jáde nílé láàárọ̀? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àmín. Àlàáfíà ni àwa náà wà. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, méjì ló bí. Akápò ẹgbẹ́ wa ti yọ eyín tó ń dùn ún, ó ti ń bá èèyàn jà padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìkíni ti tó báyìí, jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́.

Ta ló sọ fún ọ pé èmi ni mò ń dá ìgbéyàwó rẹ dúró? Èmi tí mo máa ń ti ilẹ̀kùn ìpàdé bí aago bá ti lù, tí bàbá rẹ pàápàá ti jókòó síta rí nítorí pé ó dúró so okùn bàtà? Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ ọ báyìí pé ọkùnrin kan ti ń dúró dè ọ́ tipẹ́tipẹ́ torí pé ìyá ọmọ kò tíì fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó mú ọkùnrin kankan wá síwájú mi kí n fọwọ́ sí i. Orúkọ mi ló wà lórí tábìlì yìí, bóyá èmi ni mò ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn àbí ìwọ, mo sì fẹ́ kí o mọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o má baà ní ẹnì kan ló wá ṣòfófó.

Ṣebí ìwọ lo pè mí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń kọ orin rọ́ọ̀kì ń gbé eré kiri ìlú, pé kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá wọn ní ilé àgbàdo wa, níwọ̀n ìgbà tí a ti ta àgbàdo tán. Ọ̀rẹ́ lo pè wọ́n. Èmi alága sì gbà, torí ilé tó ṣófo kò mú nǹkan kan wọlé fún wa. Ìwọ náà mọ ilé yẹn, sìmẹ́ńtì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, páànù lórí, ilẹ̀kùn irin, kò sí fèrèsé kan. Bí o bá sín níbẹ̀ nígbà tí kò sí àpò àgbàdo nínú rẹ̀, wàá rò pé òtútù ti mú ẹlòmíràn náà.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n dé ṣáájú àkókò, inú mi sì dùn. Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n. Èyí tó ga jù láàárín wọn, tó ń ta gìtá tó sì ń kọrin, tí mo sọ ní Gíga, ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó gba ìgbálẹ̀, ó gbá gbogbo ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Wọ́n wá ń kó àpótí dúdú ńláńlá wọlé. Mo bi í pé ọjà wo ló wà nínú rẹ̀, ó ní ohùn ni. Mo ní kó ṣí i kí n yẹ ohùn náà wò kí n tó gbà á sílé ẹgbẹ́. Ó ṣí ọ̀kan. Òfìfo ni, ọmọ mi, àfi nǹkan róbótó kan bí ìdérí ìkòkò. Mo sọ fún un pé wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ níbi tó ti rà á. Ó ní rárá mà, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó wá fi okùn so gìtá rẹ̀ mọ́ àpótí náà, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn, ó kéré tán, ó mọ bí a ti ń dáàbò bo dúkìá.

Lẹ́yìn náà ni èkejì rẹ̀ gbé máìkì, ó ní ení, èjì. Ó dákẹ́. Ó tún ní ení, èjì. Mo dúró de ẹ̀ta títí, n kò rí i. O mọ̀ pé n kò lè fara da iṣẹ́ àbọ̀. Mo bá kígbe ẹ̀ta láti ẹnu ọ̀nà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ilé kún. Àwọn ọ̀dọ́ wá, tíṣà wá, aránṣọ tó rán aṣọ ìsìn rẹ wá, bàbá rẹ náà wá pẹ̀lú òwú létí. Ariwo tó bọ́ síta, ńṣe ló dà bí ẹni da ìkòkò irin sílẹ̀ láti orí òkè. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí fò sókè, mo rò pé sìmẹ́ńtì ti gbóná, mo bọ́ bàtà wò ó, ó tutù. Wọ́n kàn ń fò ni. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá fò, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wà nílé wọn. Bàbá rẹ tí etí rẹ̀ ti wúwo ní òun nìkan ni òun gbọ́ ọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ohunkóhun tí àwọn mẹ́rin yìí bá ṣe, àwọn kan tún ń ṣe é tẹ̀lé wọn, wọ́n sì ń pẹ́ díẹ̀. Onílù á dúró, onílù kejì kò tíì dúró. Akọrin á pa ẹnu dé, ohùn rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́ páànù. Mo ní àwọn kan wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n pẹ́ dé, àwọn ni wọ́n ń ba iṣẹ́ àwọn tó tètè dé jẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà. Tíṣà ní Màmá, ògiri ni o. Mo ní kó lọ jókòó. Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé láti lọ dá wọn dúró níṣẹ́. Gáàdì wa nìkan ni mo bá, ó jókòó lórí korobá. Mo ní àwọn tó kù dà, ó ní òun nìkan ni. Mo ní ta wá ni ó ń tẹ̀lé àwọn tó wà nínú ilé? Ó wò mí, ó ní bóyá inú ògiri ni wọ́n wà. Mo yí ilé náà ká, n kò rí ẹnì kankan, ni mo bá gbà pé lóòótọ́ ògiri ló ń pẹ́.

A kò sì lè lé ògiri, ẹgbẹ́ ló kọ́ ọ. Níbi ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé bí òṣìṣẹ́ rẹ bá lọ́ra, tí o kò sì lè lé e, kí o jẹ́ kó parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó gbé òmíràn fún un. Mo padà wọlé, mo gun orí pákó tí wọ́n dúró sí, mo na ọwọ́ sókè. Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé ẹ sọ̀ kalẹ̀, Màmá Alága, ẹ má ba fàájì jẹ́. Onílù fajú ro sí mi. Ṣùgbọ́n Gíga ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní kó sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, kó pa ẹnu dé, kó jẹ́ kí ògiri sọ tirẹ̀ tán, kó tó sọ òmíràn.

Ó sì gbìyànjú rẹ̀. Ó ní kí onílù sinmi, ó rọra fọwọ́ kan gìtá, ó kọ ìlà kan, ó dúró. Ògiri gbà á, ó kọ ọ́ tán. Ó kọ ìkejì. Ọmọ mi, ilé pa rọ́rọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó dùn, n kò ní purọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tan iná fóònù wọn, wọ́n gbé e sókè, mo rò pé owó ẹnì kan ló sọnù, mo bá wọn wá a nílẹ̀ díẹ̀.

Orin náà ní òun bi ọmọbìnrin kan léèrè lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, nínú òjò, pé ṣé yóò fẹ́ òun. Kò ní rárá, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kó dúró kí ìyá òun kọ́kọ́ gbà. Òun sì ń dúró. Ó kọ ọ́ pé ìyá, kí ni mo ṣe fún yín? Ògiri tún béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé òun náà fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Aránṣọ ti ń nu ojú, ó ní irú ìyá wo nìyẹn. Èmi náà ní ìkà obìnrin ni, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́. Àfìgbà tó kọ ọ́ pé ọmọbìnrin náà máa ń gbé ọwọ́ lé orí bó bá ń rẹ́rìn-ín, pé ìyá rẹ̀ máa ń tilẹ̀kùn bí aago bá ti lù. Gbogbo ilé yíjú sí mi. Bàbá rẹ yọ òwú létí.

N kò lè sọ ọ̀rọ̀ ilé mi níbi tí ògiri á ti máa tún un sọ. Mo fa Gíga jáde sí ìta. Ó ní kí n má bínú, pé ibi gbogbo ni òun ti ń kọ orin yẹn, ariwo kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, pé ìgbà tí mo ní kí òun rọra kọ ọ́, tí mo sì dúró ti òun, òun kò mọ bí òun ṣe lè fò ó. Ó ní ìwọ lo sọ fún òun pé Màmá ṣì ń rò ó. Mo ní kí ni mò ń rò? Mo ní mi ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, bó bá sì jẹ́ tèmi ni, mi ò ní ohun tí mo fi ń dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí àwa méjèèjì jọ rí i lójú kan náà pé bí kì í bá ṣe èmi, a jẹ́ pé ìwọ ni. Ó wọlé lọ ká wáyà rẹ̀.

Ọmọ mi, bóyá ò ń bẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀ ni, n kò mọ̀. Iṣẹ́ náà ní ariwo, irun rẹ̀ sì fẹ́ àbójútó. Ṣòkòtò rẹ̀ ya lórúnkún, mo fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú, ó dúpẹ́, kò sì rán an. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tèmi nígbà tí gbogbo ilé ń hó lé mi lórí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ, mo ṣì ń retí ọjọ́ tí yóò gbọ́ tèmi dé ìparí. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Bí ìwọ kò bá fẹ́ràn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa nà ọ́, fi ẹnu ara rẹ sọ fún un. Ìbẹ̀rù rẹ ni kí o má fi kọ́ mi lọ́rùn mọ́.

Mo fẹ́ kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún awò ojú bàbá rẹ, ó kí akápò ní ìyàwó mi lánàá. Má fi í sínú fóònù, iná kò sí, fóònù wa ti kú láti àárọ̀, n kò sì mọ bí owó ṣe ń ṣe nínú òkùnkùn. Má sì fi rán ọmọkùnrin náà tó mú lẹ́tà yìí wá bó bá jẹ́ pé o ti kọ̀ ọ́, kò dáa kí a kọ èèyàn kí a tún rán an níṣẹ́. Bí o bá gbà á, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ mú un bọ̀.

Ọ̀nà rẹ á là, ayọ̀ á pàdé rẹ nílé, ohun tí o bá yàn kò ní di àbámọ̀ fún ọ. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ́tà yìí, kò kà á. Mo ní kó dúró níwájú rẹ títí wàá fi kà á tán, ìwọ náà sì ti kà á tán báyìí. Gbójú sókè, kí o dá a lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Alága.