Ọwọ́ Màmá tí mo kà mọ́ ìbò

Ẹ̀yin ará page yìí, ẹ má bínú pé mi ò lè fi orúkọ sí i. Mo parọ́ fún ọmọ olóògbé, irọ́ náà ti wá dàgbà ju èmi tí mo pa á lọ, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kó o nílẹ̀ mọ́. Mi ò sunkún o. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí, omi kan ò jáde lójú mi.

Chicago ni mo wà, ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún. Recreational therapist ni mí nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Skokie. Àwọn ará wa ní mọ́ṣáláṣí máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń sanwó fún mi kí n máa bá òyìnbó arúgbó ṣeré... kò burú. Ẹni tí stroke mú lọ́wọ́, èmi ni mo máa kó káàdì fún un kó máa pín in títí ìka á fi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, èmi ni mo máa wá orin tó máa jẹ́ kó lanu. Mo kàwé fún un, mo ní license, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí ní ẹgbẹ́ kan. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, ẹgbẹ́ ti ń kú lọ. Àwọn àgbà ti retire, àwọn ọ̀dọ́ ń bi wá pé kí ló wà níbẹ̀ fún àwọn, tá a bá pe ìpàdé, èèyàn mẹ́rin, márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn á sì wà nínú mọ́tò tí á máa fi etí kan gbọ́ wa. Wọ́n ní kí n ṣe president. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ o, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ ni. Èmi náà ì bá ti sá, Màmá Lorraine ni ò jẹ́.

Màmá Lorraine wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, òun nìkan ló sì kù láyé nínú wọn. Aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ ibí ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, Homewood ni wọ́n ń gbé, àwọn nìkan. Olórìṣà ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Mùsùlùmí lèmi, a ò bá ara wa jà rí lórí ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn láìrò ó, ni wọ́n bá dì mọ́ mi, wọn ò tètè fi mí sílẹ̀. Tá a bá ń dìbò, gbogbo wa á ní yes, Màmá á ní Àṣẹ. Àwọn ni wọ́n gbé páálí tí ìwé ẹgbẹ́ wà nínú ẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ̀ẹ́ kó kú sí wọn lójú.

Mo ṣe é bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ kejì. Gbogbo day off mi, mo wà lójú títì, láti hospital dé hospital, láti Des Plaines dé Homewood. Mo máa jókòó sí break room àwọn tí mi ò mọ̀ rí, mo máa bẹ̀ wọ́n. Mo pe àwọn tó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, àwọn kan pa fóònù mọ́ mi létí. Ohun tá a fẹ́ ni pé ká yí òfin padà kí àwọn student tó ń kọ́ iṣẹ́ wa àti àwọn aide tó ń ràn wá lọ́wọ́ lè wọlé, torí níbẹ̀ lèèyàn wà. Ṣùgbọ́n èèyàn méjìlá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú ìpàdé kan náà. A pe ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, a ò pé. A wá fẹnu kò pé tá a ò bá tún pé lẹ́ẹ̀kẹta, ká ti ilẹ̀kùn, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀.

Ìpàdé kẹta yẹn, àárọ̀ Saturday ni, orí Zoom. Èèyàn mọ́kànlá, tèmi náà, àti Màmá. Màmá kí wa káàárọ̀, wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ mi, wọ́n wá pa mic wọn. Camera wọn ò tàn, wọn kì í tàn án tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kan ìbò, mo ní kí gbogbo èèyàn tẹ ọwọ́ kékeré yẹn sókè lórí screen. Mo ka mọ́kànlá. Mo rí ọwọ́ Màmá náà lókè. Ó di méjìlá! Ẹnì kan wá ní Màmá ò tíì sọ Àṣẹ wọn o, ṣé wọ́n ń gbọ́ wa ṣá? Èmi ni mo ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Torí ẹnì kan ti bi Màmá rí lójú ìpàdé pé ṣé wọ́n ń sùn ni, ó dùn wọ́n débi pé oṣù méjì ni wọn ò fi dá sí wa. Èmi ọmọ Yorùbá wá fẹ́ pe ẹni tó ju ìyá mi lọ ní gbangba, kí n ní ṣé ẹ ò tíì sùn lọ? Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e sọ? Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹni tó bá wá sí group tó kàn jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, a kì í kọ pé kò wá. Passive participation là ń kọ. Ó wà níbẹ̀, a kà á. Mo fi ṣàwàdà, mo ní Màmá ń ṣe passive participation lónìí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú minutes pé Màmá dìbò yes. Ìpàdé parí, ariwo ayọ̀ sọ. Ṣé mo pe Màmá lẹ́yìn ìyẹn kí n kí wọn kú oríire? Mi ò pè wọ́n. Mo lọ ra bàtà fún ọmọ mi.

Denise, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, ti rìnrìn àjò iṣẹ́. Monday ló dé, ló bá ìyá rẹ̀ lórí àga, ẹ̀mí ti bọ́, tablet ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Stroke ni. Dókítà ní láti àárọ̀ Saturday ni. Stroke o... èmi tó jẹ́ pé àwọn tí stroke mú ni mò ń bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Nígbà tí Denise pè mí, ó ní ẹ̀yin lẹ bá màmá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, báwo ni wọ́n ṣe rí? Mo ní inú wọn dùn. Mo ní wọ́n dìbò, wọ́n sì sọ Àṣẹ wọn ketekete. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí i, ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Denise sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó DÚPẸ́ LỌ́WỌ́ MI. Ó tún un sọ níbi ìsìnkú lójú gbogbo èèyàn, àwọn tó wà níbẹ̀ gbé e lọ síbi iṣẹ́ wọn, ìròyìn di pé ìbò tí Màmá Lorraine dì kẹ́yìn láyé ló gba ẹgbẹ́ là. Àwọn tí mo bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀ tí wọn ò dá mi lóhùn, àwọn náà ló ń pè mí báyìí pé báwo làwọn ṣe máa wọlé. A ti lé ní ọgọ́ta. Student ń rí iṣẹ́ nípasẹ̀ wa. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, ó dé, mi ò sì mọ nǹkan kan lára. Mò ń ju bálúùnù sáwọn arúgbó mi, wọ́n ń gbá a padà, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń kọ ọ́ sínú chart. Mo máa kírun tán, mi ò ní mọ súrà tí mo kà.

Denise wá ní òun fẹ́ recording ìpàdé yẹn. A máa ṣe conference wa àkọ́kọ́ ní hotel kan ní Des Plaines lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ ohùn ìyá òun. Mo ní màá wá a. Ó wà lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí, mi ò ṣí i rí ni. Mo ṣí i ní Sunday tó kọjá. Ẹ̀yin ará... ọwọ́ Màmá ti lọ sókè kí n tó pe ìbò rárá. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ṣáájú. Mò ń ṣàlàyé color tá a máa lò fún website. Mo sì rí i! Mo gbọ́ ohùn ara mi, mo ní Mama, I see your hand, one minute, let me land. Mi ò land. Mo ti website bọ́ sí newsletter, mo ti newsletter bọ́ sí flyer, ọwọ́ yẹn wà lókè, torí kì í sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, títí mo fi ní ká dìbò, mo wá kà á.

Bóyá ìbéèrè ni wọ́n fẹ́ bi mí. Bóyá ìka wọn ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Àbí wọ́n ń pè mí ni? Àbí wọ́n ń pè mí kí n ràn wọ́n lọ́wọ́ ni? Èmi ni mo máa ń sọ fáwọn ẹbí pé tí stroke bá bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì.

Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n sọ pé recording náà ò save, kí n delete ẹ̀. Ó ní Denise ti sin ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ṣé mo fẹ́ lọ hú wọn jáde ni? Ó ní tí mo bá sọ̀rọ̀, mọ́kànlá ni wá lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ìbò ò dúró, ẹgbẹ́ ò sí, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọgọ́ta èèyàn? Ṣùgbọ́n Ọlọ́run rí mi. Tó bá jẹ́ ìyá tèmi ńkọ́? Ṣé màá fẹ́ mọ̀? Mi ò mọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan mọ́, tòótọ́ tòótọ́.

Thursday ni Denise ń bọ̀ wá gba recording náà nílé mi. Ó text mi láàárọ̀ yìí, ó ní sis, kí n má da ara mi láàmú, kì í ṣe gbogbo ìpàdé lòun fẹ́, kí n kàn bá òun gé ibi tí ìyá òun ti sọ Àṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá... ibo ni kí n gé fún un?