Owó Opó Sójà Tí Loren Jẹ

Bemidji, Minnesota.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì.

Loren, àbúrò mi,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà ní Arizona níbẹ̀ yẹn? Ṣé oòrùn ń yá ọ lára bí o ṣe fẹ́? Mo bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí ara rẹ le bí òkúta, kí ojú rẹ sì ríran kedere, torí mo fẹ́ kí o ka lẹ́tà yìí dé ìparí. Èmi náà wà. Yìnyín ti bo fèrèsé ilé ìdáná mi dé ìdajì, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tí mo ti sùn tó báyìí kẹ́yìn.

Ara Màmá le. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń lọ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní ìṣirò kò mọ̀ mọ́ bóyá òun ti jẹun. Lánàá, mo bá a níbi tó ti ń de bọ́tìnnì súwẹ́tà rẹ̀ mọ́ kọ́tìnnì. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ilé Tamarack, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí mo fi í sí, ń ṣe dáadáa sí i. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ibẹ̀, kò lè rìn jáde sínú òtútù bó ṣe ṣe nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi, tí wọ́n rí i létí adágún pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn nìkan lọ́rùn. O ò sí ńbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ wo gan-an lo wà ńbẹ̀?

Nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba ní owó ìrànlọ́wọ́ fún opó ajagunfẹ̀yìntì tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀ mọ́, ìwọ lo pè mí lórí fóònù. O ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ fún mi. Ẹ ti ṣe tiyín, ẹ jẹ́ kí n ru tèmi.” Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, o tún pè. “Wọ́n kọ̀ o. Wọ́n ní ọjọ́ tí Bàbá lò lẹ́nu iṣẹ́ sójà ò pé. Ìjọba burúkú!” Mo bá ọ gbé wọn ṣépè tọkàntọkàn. Loren, ta ni mò ń gbé ṣépè?

Bí mo ṣe ta ilé Màmá nìyẹn. Nígbà tí owó ilé tán, mo ta ọkọ̀ ojú omi Bàbá, mo sì ta mọ́tò mi. Ní àárọ̀, mò ń dáná ní ilé ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, mò ń nu ilẹ̀ fún oníṣègùn eyín. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rin ọ̀nà yẹn nínú yìnyín, ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi méjì sì ti kú, wọn ò mọ iná, wọn ò mọ omi. Nígbà tí o fi àwòrán ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú ránṣẹ́ sí mi, tí o dúró síwájú rẹ̀ bí ọba, mo ní, “Ó ti ṣiṣẹ́ fún un, ẹ jẹ́ kó gbádùn.”

Ní oṣù Kọkànlá, Ilé Tamarack kọ̀wé pé tí a kò bá rí owó san láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí a wá kó Màmá. Mo mú ìwé àṣẹ tí Màmá fi fún mi láti máa ṣojú rẹ̀ dání, mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Skaar, bàbá olọ́wọ́ kan tó ń bá àwọn sójà àti opó wọn kọ ìwé sí ìjọba. Ogun tí Bàbá wa jà ní Vietnam ló gba ọwọ́ kejì. Mo ní kó bá mi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ kan tẹ kọ̀ǹpútà, ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi.

“Ọmọ Harlan, ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n kọ̀?”

“Àbúrò mi ni, sà.”

“Wọn ò kọ̀ o. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni òfin béèrè, ọdún méjì gbáko ni bàbá ẹ lò. Oṣù kẹrìnlá tí wọ́n ti ń sanwó rèé. Loren ni wọ́n fi ṣe alábòójútó owó náà.”

Mo ní kó bá mi tẹ àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n san lóṣooṣù sórí ìwé. Mo fa fóònù yọ láti pè ọ́, mo tún dá a padà sápò. Ẹni tó fẹ́ pa ejò kì í kọ́kọ́ pè é lórúkọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá ń din ẹja ní gbọ̀ngàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì láti fi kó owó jọ fún Màmá, torí o ti pa irọ́ kan náà fún àwọn náà. Wọ́n ní kí n wá dúpẹ́. Mo dìde pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù lára, mo sì ka ìwé náà sí wọn létí, oṣù kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹnu gbogbo wọn dúró lórí ẹja. Bàbá arúgbó kan ní, “Ọmọ Harlan ló ṣe èyí? Harlan tí mo pọ̀n sẹ́yìn nínú ẹrẹ̀ ojú ogun?” Obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Ó sì máa ń kọrin ju gbogbo wa lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì!” Wọ́n yọ àwòrán rẹ kúrò lára ògiri ibi tí wọ́n to àwọn ọmọ wọn sí. Mi ò dá wọn dúró. Mi ò ní tan ọ́, Loren: ó dùn mọ́ mi ju ẹja lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n ti gba owó náà kúrò lọ́wọ́ rẹ. Láti oṣù tó ń bọ̀, ó ń lọ sí Ilé Tamarack tààrà, àwọn yẹn sì ti gbà láti ní sùúrù fún wa. Olùwádìí kan máa kàn sí ọ. Kò ní ṣe wàhálà kó tó rí ọ, torí mo ti fún un ní nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ àti orúkọ ibi tí o páàkì sí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí jù. Gbogbo oṣù mẹ́rìnlá yìí, Màmá ò mọ̀ mí. Nọ́ọ̀sì ló ń pè mí. “Nọ́ọ̀sì, ṣé Loren ti dé?” Ojoojúmọ́. Èmi tí mò ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwọ ló ń béèrè. Mo máa ń ní o wà lọ́nà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Skaar bá mi lọ kí i. Bí ó ṣe wọlé, Màmá na ọwọ́ méjèèjì. “Loren! O mà pẹ́ o!” Mo la ẹnu láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, àmọ́ bàbá náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ti ṣí fìlà. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Ọ̀nà ò dáa ni.” Màmá fọwọ́ pa apá aṣọ rẹ̀ tó ṣófo, ó sì ní kó jókòó jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti ń wá lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Màmá ò béèrè ọ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ti dé. Tí o bá wá, wọn á ní kí o kọ orúkọ sínú ìwé àlejò, Màmá náà á sì bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, kí o lè san án tán.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí a jọ mu ọmú kan náà,
Joleen Tveit.

Àfikún: Trudy ìyàwó rẹ pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní o sọ fún òun pé ogún Bàbá lo fi ra ọkọ̀ náà. Mo ka ìwé náà fún òun náà. Ó sunkún, ó sì béèrè ibi tí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá sí Minnesota ti ń gbéra. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún un.