Ẹ̀ẹ̀nì Nónò Innà

Olóòtú wa, ẹ kú ohùn atura. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Iṣẹ́ àyẹ̀wò oúnjẹ ni mò ń ṣe ní Kàdúná.

Nónò Innà, ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà kíkan ní àdúgbò wa, la mu dàgbà. Bó bá bù ú tán, á ní, “Ga gyara,” ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀nì rèé, á sì bù ú lé e. Mo ṣì ń lálàá igbá rẹ̀, funfun bí ìkùukùu ọyẹ́.

Inú ike tí wọ́n kọ “wàrà màlúù pọ́nńbélé” sí ló ń rọ ọ́ sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí. Mo lọ gbà á fún àyẹ̀wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi lẹ́ẹ̀nì. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, àṣé mílíìkì agolo ló fomi pò!

Ọ̀la ni n ó lọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ẹ̀yin olùgbọ́, bó bá tún ní, “Ga gyara,” ṣé kí n gbà á?